Ẹ̀rọ Wà Nínú Páálí, Ọmọ Wà Nílé

Láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ nílé. Ìyá tí ó bá ní ọmọ mẹ́ta nílé ní àkókò yìí kò ní í bèèrè ohun tí ariwo ń jẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni mo lọ kí àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ní Kúta, ìlú àwọn ọmọ Òwu tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, tí kò sì jìnnà sí Ìwó. Bí mo ti fẹ́ ti àpò mi sí abẹ́ ibùsùn ni ó kọ lu páálí ńlá kan. Mo fà á jáde. Táyà kéékèèké, wáyà oríṣiríṣi, ike aláràbarà, àti ohun kan tí ó dà bí ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n gé lórí ni ó kún inú rẹ̀. Mo ké sí ìyá ọmọ, mo ní, “Ìyàwó mi, ta ni ó ń ra pàǹtí nínú ilé yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó ní, “Àǹtí, kì í ṣe pàǹtí o. Rọ́bọ́ọ̀tì ilé-ìwé ọmọ yín ni. Yàrá tí wọ́n ń kó o sí ń jò, ni olùkọ́ wọn bá bẹ̀ wá pé kí a bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi wọlé.”

Ó wá jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin wọn. Àwọn méje ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọbìnrin méjì, ọmọkùnrin márùn-ún. Wọ́n fi oṣù bíi mélòó kan ṣe ẹ̀rọ, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ìdíje. Nílé-ìwé, ẹ̀rọ náà ń rìn bí ẹni tí ó mọ̀nà oko. Ní ọjọ́ ìdíje, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ fi orí gbá etí tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀. Wọn kò gba ẹ̀bùn kankan. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún fi ọwọ́ kàn án. Bàbá ọmọ ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tí òun san ti ṣòfò; ó ní kí ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ aládùúgbò ní ìsinmi yìí, bí wọ́n bá sì wọlé, kí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà pátápátá.

“Àǹtí, n kò mọ ohun tí n ó wí. Mo mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó sunkún lóru ọjọ́ tí wọ́n dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni ó kù kí wọ́n tún díje. Kí ni wọn yóò máa fi ẹ̀rọ yìí ṣe títí di ìgbà náà? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè rí ẹnu bá àbúrò yín sọ̀rọ̀.”

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá sí ojú-ewé wa ní oṣù yìí, nítorí ẹgbẹ́ irú èyí ti ń pọ̀ sí i nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ yín ni ó sì ní ọmọ tí yóò bá irú páálí bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ fún ẹni tí kò tí ì rí i. Ẹ̀rọ ni, tí a kọ àṣẹ sí nínú, tí yóò sì máa fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí a pa láṣẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dì í mú. Ó ní kọ̀ǹpútà kékeré tí ó dúró bí ọpọlọ rẹ̀, ó ní ohun tí ó fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, tàbí àwọ̀, tàbí ògiri tí ó wà níwájú, bí ẹni pé ó ní ojú, ó sì ní ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní FIRST LEGO League jẹ́ ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jùlọ lágbàáyé. Ẹgbẹ́ FIRST, tí Dean Kamen dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1989, àti ilé-iṣẹ́ LEGO ni ó jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì ń kópa nínú rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ péré ni ẹ̀rọ máa ń fi ṣiṣẹ́ lórí tábìlì nínú ìdíje kan. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀! Omi àmàlà kò tí ì hó. Àwọn adájọ́ a sì tún wo ohun mẹ́ta mìíràn: bí àwọn ọmọ náà ti gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìṣòro kan láwùjọ, àti bí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó ṣe é ṣe nílé, ní ìgbà tí kò sí ìdíje, tí kò sí ẹni tí ń kánjú.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bátìrì, nítorí òun ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà nínú páálí náà. Mo ní kí ọmọ náà ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà wà níbẹ̀. Méjì ti sun omi, ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì ti bo irin ibi tí wọ́n jókòó. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi wọlé, yóò ti jẹ irin náà tán, àwọn ọmọ yóò sì máa wí pé ẹ̀rọ ti kú. A wọ ọ̀rá sí ọwọ́, a yọ wọ́n kúrò, a fi òwú tí a rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ nu ibẹ̀, a sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ̀rọ tí a kò ní í lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ bátìrì inú rẹ̀. Ẹ má ṣe da ọ̀tun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Bí ó bá jẹ́ bátìrì tí a ń fi iná sí, irú ti tẹlifóònù, kí ó má ṣe kún dẹ́nu, kí ó má sì ṣe gbẹ tán, kí a tó gbé e pamọ́. Ìdajì ni ó dára jù. Ẹ má ṣe fi í sí iná lóru tí gbogbo ilé ti sùn. Èyí tí ó bá ti wú bí àkàrà, ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Kí a gbé e jìnnà sí ohun tí ó lè gbiná, kí a sì fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ nílé, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré bí ọmọ owó, tí ó máa ń wà nínú aago àti ohun ìṣeré, kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí a má wá a. Bí ọmọ bá gbé e mì, tí ó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó lè jó ẹran ara inú ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má ṣe fi agbára mú ọmọ bì, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rò pé ó gbé mì. Nítorí náà, páálí rọ́bọ́ọ̀tì kì í ṣe ohun abẹ́ ibùsùn. Ibi tí ó ga, tí ó ní ìdérí, tí eku kò lè dé, ni ààyè rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ọmọ léèrè pé, “Kí ni ó fà á tí ẹ̀rọ yín fi yà bàrá?”

Ó ní, “Màmá Ìbàdàn, n kò mọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n máa ń di ẹ̀rọ mú. Èmi ni mo máa ń kọ̀wé.”

Mo ní kí ó gbé ìwé náà wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí mọ̀wé kọ! Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì wà níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n dán ẹ̀rọ wò wà níbẹ̀, ibi tí ó dúró sí wà níbẹ̀. A jókòó kà á. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdíje ni wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń dán an wò léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń rìn ń kúrú sí i díẹ̀díẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó fiyè sí i. Mo bèèrè àṣẹ tí wọ́n pa fún un. Ó ní wọ́n ní kí ó yí ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ó tó yà sí ọ̀tún. Mo ní kí ó lọ gbé tọ́ọ̀ṣì wá láti ilé ìdáná, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, kí ó tàn án, kí ó sì tan tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ojú rẹ̀ là. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pẹ̀lú bátìrì tuntun kì í ṣe ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí bátìrì ti rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ì tí ì dé ibi tí ó yẹ kí ó ti yà, tí àkókò fi tó, ni ó bá yà, ni ó bá fi orí gbá igi.

Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe ni pé wọn kì í fi àkókò pàṣẹ ìrìn fún ẹ̀rọ. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yí ni wọ́n máa ń kà fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rọ́bọ́ọ̀tì ilé-ìwé ni ó lè ka yíyí ara rẹ̀. Bí bátìrì bá rẹ̀, yóò rọra lọ, ṣùgbọ́n yóò dé ibi tí a rán an. Bákan náà ni ti ojú rẹ̀ tí ó fi ń mọ dúdú àti funfun: ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ìdíje kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ oòrùn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ibi tí a wà hàn án kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láti inú ìwé ọmọbìnrin tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ni èsì ti jáde. Èyí ni mo fi ń sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ lè ṣe nínú ìsinmi ni kí wọ́n jókòó ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀, láìbínú, láìnàka sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Kí ẹni tí ń kọ̀wé di ẹ̀rọ mú, kí ẹni tí ń di ẹ̀rọ mú kọ̀wé. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin nínú irú ẹgbẹ́ yìí, ẹ bi í ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi mímu ni ó ń pín, tàbí ilẹ̀ ni ó ń gbá, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ẹni tí ó bá sì ń wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ sọ ti àwọn ọmọ Gánà fún un. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Methodist Girls' tí ó wà ní Mamfe lọ sí ìdíje àgbáyé Robofest ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ipò kìíní. Wọn kò ṣàdédé dé ibẹ̀. Láti 2011 ni Ashitey Trebi-Ollennu, ọmọ Gánà tí ó jẹ́ ẹnjiníà ní NASA, tí ó wà lára àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tí a rán lọ sí ìsọ̀gbè Mars, ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú rẹ̀ ní rọ́bọ́ọ̀tì. Nílé wa níbí, ní 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti Regina Pacis ní Onitsha lọ sí ìdíje Technovation ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì borí pẹ̀lú ètò orí tẹlifóònù tí a fi lè dá ayédèrú oògùn mọ̀. Ìṣòro tí gbogbo ìyá mọ̀ ni wọ́n mú.

Èyí tí ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu jùlọ ni ti àwọn ọmọbìnrin Afghanistan. Ní 2017, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti fún wọn ní ìwé ìwọ̀lú Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ díje, kí wọ́n tó wá gbà wọ́n láyè. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí ohun gbogbo dúró, ṣé wọ́n káwọ́ gbera? Ní ìlú Herat, wọ́n mú ẹ́ńjìnnì kékeré ara ọkọ̀ Toyota Corolla àti ṣéènì alùpùpù Honda, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí. Ọwọ́ tí wọ́n ti fi kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aránṣọ ni ó lè bọ́ ọmọbìnrin. Rọ́bọ́ọ̀tì wo ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kúta?”

N kò bá a jà. Mo ní, “O wí ire. Jẹ́ kí ó lọ kọ́ ìránṣọ.” Ìyàwó mi wò mí bí ẹni pé mo ti da òun. Mo wá fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n èmi ni n ó mú un lọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ ti wo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa rí? Mo bẹ ìyá aránṣọ náà, ó gbà wá láyè ní àkókò tí iṣẹ́ dẹwọ́. Mo ní kí ọmọ fi ẹfun sàmì sí ara kẹ̀kẹ́ ńlá ìsàlẹ̀, kí ó fi òmíràn sí ara kẹ̀kẹ́ kékeré òkè, kí ó rọra fi ọwọ́ yí ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ka iye ìgbà tí ti òkè yí. Ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Bí ti òkè bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ a lọ sílẹ̀, a sì padà sókè lẹ́ẹ̀kan. Ńlá tí ń fa kékeré, ìyára ni a ń wá. Kékeré tí ń fa ńlá, agbára ni. Gbogbo eyín irin inú rọ́bọ́ọ̀tì, òfin yìí ni wọ́n ń tẹ̀lé. A ṣí ìdí ẹ̀rọ, a wo bí abẹ́rẹ́ àti ohun tí ń gbé òwú ìsàlẹ̀ ti ń pàdé ara wọn láìkọlura. Ìyá aránṣọ fúnra rẹ̀ ní láti ọdún tí òun ti ń lò ó, òun kò kà á rí. Nígbà tí a fi dé ilé, ọmọ ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan ni ọmọ gbọ́dọ̀ yàn. Ọmọ tí ó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ tú, tí ó sì mọ̀ ọ́n tò, kò ní í jókòó dúró de ẹlòmíràn nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́. Àwọn olùkọ́ mìíràn wà káàkiri ìlú pẹ̀lú: wẹ́dà, atún-rédíò-ṣe, rewáyà, àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ gbágùúdá. Bí àwọn méje náà bá lọ kí ọ̀kan nínú wọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wo iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì bèèrè ohun tí ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jùlọ, wọn yóò rí ìwádìí kó jọ ju èyí tí wọn yóò lò lọ. Kí àgbàlagbà kan tẹ̀lé wọn, kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n má sì wo iná wẹ́dà ní ojú lásán.

Ní ti kíkọ àṣẹ, kò dìgbà tí kọ̀ǹpútà bá wà nílé. Eré kan wà tí a ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. A ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, di rọ́bọ́ọ̀tì, kí ó má ṣe ohunkóhun àfi ohun tí a bá wí gan-an. A ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàṣẹ fún un bí yóò ti rẹ gàrí. Ó ní, “Bu gàrí.” Ọmọ ki ọwọ́ bọ inú ike, ó bù ú, ó sì dúró, ó di gàrí mú sí ọwọ́. “Dà á sínú abọ́.” Ó dà á sínú abọ́ tí ó dojú bolẹ̀. “Da omi sí i.” Ó da omi, kò dáwọ́ dúró, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó tó. Ìyá wọn ń pariwo pé gàrí òun ti ṣòfò! Ṣùgbọ́n ní ìgbà kẹta, àṣẹ náà ti pé: ibi tí abọ́ yóò kọjú sí, iye ìgbà tí yóò bù ú, ibi tí omi yóò dé kí ó tó dúró, ohun tí yóò ṣe bí kò bá sí ṣúgà. Bí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ gan-an nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá sì wà, ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Scratch, tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn ọmọdé ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó dára fún ibi tí owó dátà ti ń dun ni.

Ìdánwò pẹ̀lú ṣe é ṣe nílé. Kí wọ́n fi téèpù dúdú fa ìlà sórí ilẹ̀, kí wọ́n ní kí ẹ̀rọ rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ iye ìgbà tí ó dé gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà, kí wọ́n tún ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni o. Ẹni tí ó yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní í mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́ nínú wọn. Ṣé ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ korò, tí ó sì pààrọ̀ ata, epo àti irú papọ̀, lè mọ èyí tí ó jẹ̀bi?

Wọ́n lè kọ́ àwọn kékeré ilé-ìwé wọn, wọ́n lè fi ṣinṣín títà wá owó táyà tuntun, kí wọ́n sì kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀. N kò ní í pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ti láfún. Ìyàwó mi a máa sá láfún sórí pèpéle tí ó wà lẹ́yìn ilé. Oṣù Kẹjọ ni, òjò ń dẹwọ́, ṣùgbọ́n kò tí ì lọ. Bí ó bá ti jáde, tí ó sì ṣú lójijì, láfún ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kí ọmọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà nítòsí. Mẹ́rin wá. Mo bi wọ́n pé, “Ta ni ó lè sọ fún ẹni tí ó wà nínú ilé pé òjò ti kán?”

Wọ́n jiyàn títí. Wọ́n fẹ́ lo ẹ̀rọ ńlá. Mo ní kí wọ́n wo ohun tí ó wà nílé. Ohun tí wọ́n ṣe níkẹyìn rèé. Wọ́n mú pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń mú aṣọ mọ́ okùn. Wọ́n fi píìnì irin kọ̀ọ̀kan há ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n wé wáyà mọ́ píìnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa wáyà náà dé ọ̀dọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì àti ohun tí ń han gooro tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ìṣeré tí ó ti bàjẹ́. Wọ́n wá fi kóró ṣúgà kan sí ẹnu pẹ́ẹ̀gì náà, kí irin méjèèjì má baà fara kanra. Bí òjò bá rọ̀ sí ṣúgà, yóò yọ́, pẹ́ẹ̀gì yóò pa ẹnu dé, irin yóò kan irin, iná yóò lọ, yóò sì han. A bu omi wọ́n ọn. A dúró díẹ̀. Ó han gooro! Àwọn ọmọ fò sókè bí ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ.

Ọmọbìnrin wa ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà náà. Ọmọkùnrin kan nínú wọn ni ó kọ̀wé.

Ní alẹ́, a kó láfún wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pẹ́ẹ̀gì sórí pèpéle. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbọ́ gooro. Kí n tó wọ bàtà, àbúrò mi ti sáré kọjá níwájú yàrá mi, ó fa tapólì dání, ó ń ké pé, “Láfún! Láfún!” Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé, ó dúró sí iwájú pèpéle tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Kò sí òjò. Ìràwọ̀ ń tàn. Èèrà ni ó ti jẹ ṣúgà tán.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó mi. Àbúrò mi kò tètè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí pèpéle, ó mú pẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, “Wá fi hàn mí bí iná ṣe ń gba ibí yìí kọjá.”

Mo padà sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ajé. Àdéhùn tí wọ́n ṣe kí n tó kúrò ni pé ọmọ yóò máa lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ ní òwúrọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa wá sí ẹ̀yìn ilé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ó bá wọlé, bóyá yóò ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, bàbá rẹ̀ kò tí ì sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyàwó mi pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá wa bèèrè o. Àbúrò yín ní kí n bi yín, kí ni a lè fi rọ́pò ṣúgà tí èèrà kò ní í jẹ?”